Ẹ̀rí Ẹnu àti Òǹkà Lẹ́nu Ọ̀nà Gbọ̀ngàn Òkìkí Bẹ́ísìbọ́ọ̀lù

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí àrídájú ọ̀rọ̀ yìí, kí ó wo ìtàn Gbọ̀ngàn Òkìkí bẹ́ísìbọ́ọ̀lù tí ó wà ní ìlú Cooperstown, ní ìpínlẹ̀ New York, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Inú gbọ̀ngàn yìí ni wọ́n ti ń fi idẹ mọ àwòrán ojú àwọn akọni eré náà, tí wọ́n sì ń kọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn sí abẹ́ rẹ̀ ní ṣókí, bí ìgbà tí akéwì bá ń ki ènìyàn. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni irú ẹ̀rí tí wọ́n fi ń gba ènìyàn wọlé síbẹ̀. Ṣé òǹkà ni, àbí ẹ̀rí ẹnu? A ó wo Cooperstown fúnra rẹ̀, a ó sì wo àwọn líìgì àfarawé tí àwọn olólùfẹ́ eré náà ń ṣe lórí tábìlì àti nínú kọ̀ǹpútà, nítorí pé àwọn líìgì wọ̀nyí náà ní gbọ̀ngàn òkìkí tiwọn.

Òfin àti òǹkà

Fún àǹfààní ẹni tí kò mọ eré yìí, ó tó kí a sọ pé ẹnì kan ni yóò ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹlòmíràn yóò fi kóńdó igi lù ú, yóò sì sáré láti ibùdó kan dé òmíràn. A ó pe ẹni àkọ́kọ́ ní ajubọ́ọ̀lù, a ó sì pe ẹnì kejì ní alubọ́ọ̀lù. Gbogbo ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn méjèèjì ni wọ́n máa ń kọ sílẹ̀. Nítorí náà, bí òǹwòran bá ti túká tán, òǹkà ni ó máa ń ṣẹ́kù, òun náà ni wọ́n sì fi ń ṣe àfiwé eléré òní pẹ̀lú eléré àádọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́kọ́ dìbò yan ènìyàn sí gbọ̀ngàn náà. Àwọn oníròyìn eré ni wọ́n dìbò, ẹni tí yóò bá sì wọlé gbọ́dọ̀ ní ìdá 75 nínú 100. Nínú 226 ìwé ìbò, 222 ni Ty Cobb ní. Babe Ruth àti Honus Wagner ní 215 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Christy Mathewson àti Walter Johnson ni wọ́n pé wọn ní márùn-ún. Ilé náà ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 1939. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n là á sílẹ̀ pé eléré gbọ́dọ̀ lo ọdún 10 ó kéré tán nínú líìgì ńlá, kí ó sì ti fẹ̀yìn tì fún ọdún 5, kí wọ́n tó lè dìbò fún un.

Létí, òfin yìí kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ó tì síta. Lẹ́yìn ọdún 1884 tí Moses Fleetwood Walker gbá eré fún ẹgbẹ́ Toledo, àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n ni líìgì ńlá fi ìmọ̀ ṣọ̀kan pé àwọn kò ní gba aláwọ̀ dúdú mọ́. Títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1947, tí Jackie Robinson wọ pápá fún Brooklyn Dodgers, ìmọ̀ràn yìí ni wọ́n ń tẹ̀lé. Ẹni tí wọn kò jẹ́ kí ó wọ líìgì ńlá fún ọjọ́ kan ṣoṣo, níbo ni yóò ti rí ọdún 10?

Àwọn tí òǹkà wọn fọ́nká

Ní oṣù Kejì ọdún 1920, Rube Foster pe àwọn tí wọ́n ni ẹgbẹ́ eré aláwọ̀ dúdú jọ ní Kansas City, wọ́n sì dá líìgì tiwọn sílẹ̀. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Níbẹ̀ ni Satchel Paige ti di ajubọ́ọ̀lù tí apá kò ká, níbẹ̀ náà ni Josh Gibson ti di alubọ́ọ̀lù tí òkìkí rẹ̀ kàn. Àwọn ìwé ìròyìn aláwọ̀ dúdú bíi Chicago Defender àti Pittsburgh Courier ń ròyìn wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo eré ni òǹkà rẹ̀ dé ilé ìtẹ̀wé. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n gbá ní àwọn ìlú kéékèèké tí kò sí akọ̀wé níbẹ̀. Gibson kú ní oṣù Kìíní ọdún 1947, ní ẹni ọdún 35, nígbà tí ó ku nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí ilẹ̀kùn ṣí fún Robinson.

Nígbà tí òǹkà kò sí lọ́wọ́, ẹnu ni ó jẹ́rìí. Ní oṣù Keje ọdún 1966, Ted Williams, gbajúgbajà alubọ́ọ̀lù Boston, ń gba oyè tirẹ̀ ní Cooperstown. Nínú ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ rẹ̀ ni ó ti dárúkọ Paige àti Gibson, tí ó sì sọ pé òun retí pé lọ́jọ́ kan a ó rí ọ̀nà fi àwọn náà síbẹ̀. Ọdún 5 lẹ́yìn èyí, wọ́n yan Paige. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kéde ni pé ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọn yóò fi àwọn aláwọ̀ dúdú sí. Nígbà tí àwọn ènìyàn pariwo, wọ́n yí ìpinnu náà padà, wọ́n sì fún un ní àyè kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Gibson àti Buck Leonard wọlé ní ọdún 1972. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1977, ìgbìmọ̀ pàtàkì tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ti yan ènìyàn 9.

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n wọlé kẹ́yìn ni Martín Dihigo, aláwọ̀ dúdú ọmọ Cuba, láti ìpínlẹ̀ Matanzas tí àṣà Lùkùmí, tí àwọn Yorùbá gbé kọjá òkun, ti fìdí múlẹ̀ gidigidi. Cuba ti gbé e wọ gbọ̀ngàn tirẹ̀ ní ọdún 1951, Mexico ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1964. Cooperstown ni ó gbẹ̀yìn nínú àwọn mẹ́ta wọ̀nyí, Dihigo sì ti kú ní ọdún 1971.

Ẹ̀kọ́ inú líìgì àfarawé

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a yà sí ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ń gbá eré yìí láì jáde nílé. Ní ọdún 1951, J. Richard Seitz gbé eré orí tábìlì tí ó ń jẹ́ APBA jáde. Ní 1961, Hal Richman gbé Strat-O-Matic jáde. Káàdì kan ni eléré kọ̀ọ̀kan ní, òǹkà tí ó ní lórí pápá ni wọ́n sì fi ṣe káàdì náà. Nínú Strat-O-Matic, dáìsì 3 ni à ń dà: ọ̀kan yóò sọ bóyá káàdì alubọ́ọ̀lù ni a ó wò tàbí ti ajubọ́ọ̀lù, àròpọ̀ méjì yòókù yóò sì tọ́ka sí ìlà tí ìdáhùn wà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, Markus Heinsohn, ọmọ Jámánì, ṣe Out of the Park Baseball. Eré yìí lè dá eléré tí kò sí rí láyé sílẹ̀, kí ó fún un ní orúkọ, kí ó mú un dàgbà, kí ó sì mú un fẹ̀yìn tì. Ẹni tí ó bá ń darí líìgì inú rẹ̀ lè fi òfin gbọ̀ngàn òkìkí lélẹ̀, ìyẹn iye ìbò àti iye ọdún ìdúró; ó lè ní kí kọ̀ǹpútà dìbò, ó sì lè fúnra rẹ̀ yan ẹni tí ó wù ú.

Ẹ̀kọ́ méjì ni èyí kọ́ wa. Èkíní ni pé nínú líìgì inú kọ̀ǹpútà, kò sí òǹkà tí ó sọnù, kò sí eré tí a gbá lẹ́yìn akọ̀wé. Síbẹ̀, ìbò kò kúrò níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òǹkà nìkan tó, ìṣirò lásán ni ìbá parí ọ̀rọ̀ náà. Ìbò ni ọ̀nà tí àwùjọ kan fi ń fẹnu kò lórí ẹni tí wọn yóò máa rántí. Èkejì ni pé káàdì kò ṣeé ṣe fún ẹni tí a kò mọ òǹkà rẹ̀. Ọdún 2009 ni Strat-O-Matic gbé káàdì àwọn eléré líìgì aláwọ̀ dúdú tí wọ́n lé ní 100 jáde, lẹ́yìn ìwádìí nínú àkọsílẹ̀ àtijọ́. Ohun tí akọ̀wé kò kọ lọ́jọ́sí ti tẹ̀lé àwọn ènìyàn wọ̀nyí dé orí tábìlì eré ìdárayá.

Buck O'Neil

Cooperstown náà ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2006, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 12 gbé orúkọ 39 yẹ̀ wò, wọ́n sì yan 17. Effa Manley, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ni Newark Eagles, wà lára wọn. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wọ gbọ̀ngàn náà. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn 17 yìí tí ó wà láàyè. Àwọn méjì tí wọ́n wà láàyè nínú 39, ìyẹn Minnie Miñoso àti Buck O'Neil, kò wọlé.

O'Neil ti gbá eré fún Kansas City Monarchs, ó sì ti darí wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ga jù ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ gbé ìtàn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kiri. Irú iṣẹ́ yìí kò ní òǹkà. Nígbà tí ọjọ́ ayẹyẹ pé ní oṣù Keje ọdún 2006, òun tí wọn kò yàn ni ó dìde sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn òkú 17 náà. Ó kú ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ní ẹni ọdún 94. Oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni wọ́n tó dìbò yan òun àti Miñoso, tí òun náà ti kú ní 2015. Nínú oṣù Keje ọdún 2022 ni àwọn méjèèjì wá dère.

Àgbálọgbábọ̀

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, líìgì ńlá kéde pé líìgì ńlá ni àwọn líìgì aláwọ̀ dúdú 7 tí wọ́n wà láàrin 1920 sí 1948 náà jẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, wọ́n da òǹkà wọn pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù. Gibson bọ́ sí ipò kìíní láàrin àwọn alubọ́ọ̀lù: ó ní 372 nínú 1,000, Cobb sì ní 367.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí bí àwọn ọdún wọ̀nyí ṣe tẹ̀léra. Ẹnu jẹ́rìí Gibson ní 1966. Ère rẹ̀ wọlé ní 1972. Òǹkà rẹ̀ dé ní 2024. Ọdún 52 ni ó wà láàrin ère àti òǹkà. Ká ní àwọn ènìyàn dúró de òǹkà ni, wọn kì bá tí mọ ẹni tí wọn yóò wá òǹkà rẹ̀ lọ. Ẹ̀rí ẹnu ni ó darí olùwádìí sí ìdí ìwé ìròyìn àtijọ́. Àwa tí a ń kọ́ni ní èdè tí ọ̀pọ̀ ìtàn rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu àgbà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ohun tí a kò kọ kò ṣẹlẹ̀. Kí a sì tètè kọ ọ́ nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣì lè sọ ọ́.