Họmiópátì àti Tíìkì: Ìtàn Rẹ̀ láti Paris dé Ajégúnlẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí họmiópátì ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ ìtọ́jú tíìkì yóò rí i pé ìtàn náà fọ́n káàkiri. Díẹ̀ wà nínú ìwé àwọn dókítà Faransé, díẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì, èyí tó kù sì wà lẹ́nu èèyàn, níbi tí wọ́n ti pò ó mọ́ àgbo. Ní Ajégúnlẹ̀, láti Boundary títí dé Ojo Road, bí o bá dárúkọ họmiópátì, ọ̀pọ̀ ló máa rò pé ìyá alágbo lò ń bá wí. Mo kó o jọ síbí kí a lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Tíìkì ni kí ẹ̀yà ara máa ṣe ohun tí ẹni tó ni ín kò rán an. Ojú á máa ṣẹ́ lemọ́lemọ́, ọrùn á máa yí, èjìká á máa sọ sókè, imú á máa fà láìsí ọ̀fìnkìn. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ bá pé ọdún 5 sí 7, ó máa ń le jù ní nǹkan bí ọdún 10 sí 12, ó sì máa ń rọlẹ̀ lára ọ̀pọ̀ wọn kí wọ́n tó di géńdé. Kì í dúró sójú kan. Ó lè gbóná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó lọ fúnra rẹ̀, kó tún padà. Kì í ṣe wárápá, kì í ṣe giri, kì í sì í ṣe àfojúdi sí olùkọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pàṣán ni ọ̀pọ̀ ọmọ kọ́kọ́ ń jẹ lórí rẹ̀. Kí òǹkàwé di bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ yìí mú, nítorí a máa padà sí i.

Ní 1825, Jean Itard, dókítà ará Faransé, kọ nípa obìnrin ọlọ́lá kan, Marquise de Dampierre, tí ara rẹ̀ ti ń fà láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún 7, tí èébú sì máa ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìfẹ́ láàárín àwọn ẹni iyì. Ní 1885, Georges Gilles de la Tourette, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Jean-Martin Charcot ní ilé ìwòsàn Salpêtrière ní Paris, kọ nípa aláìsàn 9, ó sì ka obìnrin yìí kún wọn. Charcot ló fi orúkọ Tourette pe àìsàn náà. Àwọn kan ní wọ́n fi orúkọ du Itard. Èmi kò gbà. Itard rí aláìsàn, ó sì ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n Tourette ló to àwọn aláìsàn jọ tó ní àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo wọn, tó sì ya á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ara gbígbọ̀n mìíràn.

Họmiópátì ti wà ṣáájú ìwé Tourette. Ọdún 1755 ni wọ́n bí Samuel Hahnemann sí Meissen ní Jámánì. Ní 1790 ó jẹ èèpo igi tí wọ́n fi ń ṣe kuníìnì nígbà tí ara rẹ̀ le, ó ní òun rí àmì ibà lára òun. Ibẹ̀ ló ti mú un pé ohun tó lè fa àìsàn sí ẹni tára rẹ̀ dá ni yóò lé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ní 1796 ni họmiópátì bẹ̀rẹ̀, nígbà tó kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀; àwọn mìíràn ní 1810, nígbà tí ìwé ńlá rẹ̀, Organon, jáde. Kò tó ìjà. Olú olóró kan tó pupa, tó ní àmì funfun lórí, Agaricus muscarius, máa ń mú kí iṣan ẹni tó bá jẹ ẹ́ máa já. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníhọmiópátì fi sọ ọ́ di oògùn ara tó ń já. Wọ́n lo zinc náà. Àwọn kan ń sọ pé Hahnemann fúnra rẹ̀ wo àìsàn Tourette sàn, ṣùgbọ́n 1843 ló kú, ìwé Tourette sì kù ní ọdún 42 kó tó jáde. Chorea ni orúkọ tí wọ́n ń kó gbogbo ara jíjá sí nígbà ayé rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń po oògùn họmiópátì nìyí: ẹ̀kán kan oògùn nínú ẹ̀kán 99 omi tàbí ọtí, kí wọ́n gbọ̀n ọ́n, ẹ̀kán kan nínú ìyẹn sínú 99 mìíràn, ó di ìgbà 30, ìyẹn ni 30C. Láti bí ìgbà 12 ni kò ti dájú mọ́ pé ohunkóhun nínú olú náà ṣẹ́ kù. Ẹni tó da ife ògógóró kan sínú ọ̀sà ní Àpápá tó wá lọ bu omi mu ní Kọ̀tọnù, ọtí rẹ̀ ṣì ní láárí ju ìyẹn lọ. Wọ́n á wá kán an sórí hóró ṣúgà kéékèèké, abẹ́ ahọ́n ni wọ́n sì ń fi í sí.

Ẹ fi èyí wé ìyá alágbo tó to ìgò àgbo ibà, àgbo jẹ̀dí-jẹ̀dí àti òpá ẹ̀yìn sínú abọ́, tó ń bù ú kún ife. Ohun tó wà nínú ìgò tirẹ̀ pọ̀, ó sì lágbára. Òfin pàápàá ya wọ́n sọ́tọ̀: MDCN, àjọ tó ń bójú tó àwọn dókítà, ló ni àkóso họmiópátì, ìgbìmọ̀ ìṣègùn ìbílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó ló wà fún àwọn elégbòogi. Oògùn tó bá sì ti òkè òkun wọlé, ti NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn, ni. Nígbà tí Dora Akunyili di olórí wọn ní 2001, èbúté Àpápá wà lára ìwọ̀nba ibi tí wọ́n yàn kí oògùn máa gbà wọlé.

Nínú egbòogi tiwa, ọ̀kan wà tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ tíìkì ju họmiópátì lọ. Inú ìtàn ìtọ́jú ọpọlọ nílẹ̀ wa ló ti jáde. Ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 1907 ni ìjọba gba aláìsàn 14 sí ilé àwọn alárùn ọpọlọ ní Yábàá. Ní 1954, Thomas Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aró, l'Ábẹ́òkúta. Ó fi aláìsàn sáàárín àwọn ará abúlé, kí ìbátan wà lọ́dọ̀ wọn, ó sì jẹ́ kí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ bá dókítà ṣiṣẹ́. Raymond Prince, ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kọ̀wé ní 1960 nípa bí àwọn oníṣègùn Yorùbá ṣe ń fi asofẹ́yẹjẹ, egbòogi tí mò ń wí yìí, mú wèrè rọlẹ̀. Reserpine wà nínú gbòǹgbò igi yìí, èyí tí àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Ciba ní Switzerland yọ jáde ní 1952 láti ara mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó ń hù ní Íńdíà. Reserpine kì í jẹ́ kí ọpọlọ rí dopamine, èròjà tó fi ń ránṣẹ́, kó pamọ́. Ọ̀nà kan náà ni tetrabenazine ń gbà ṣiṣẹ́, òun sì ni àwọn dókítà kan ń fún ẹni tí tíìkì rẹ̀ le. N kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ sè é o: ó ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ kọjá ààlà, ó sì lè mú ìrẹ̀wẹ̀sì bá ọkàn. Èyí tó tún burú jù ni kí òbí rò pé giri ni tíìkì, kó wá fún ọmọ ní ìtọ̀ màlúù tí wọ́n pò mọ́ ewé tábà, aáyù, efinrin àti àlùbọ́sà. Àwọn olùwádìí nílẹ̀ wa ti fi hàn pé ó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ sílẹ̀, ó sì ń pa ọmọ.

Ǹjẹ́ họmiópátì ń wo tíìkì? Ìjọba Australia yẹ ìwádìí wò ní 2015, wọ́n ní kò sí àìsàn kankan tí ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé fi hàn pé ó ń wò. Ní 2017, NHS, ètò ìlera ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí dókítà yéé kọ ọ́ fún aláìsàn. Ohun tó ń gba iyì fún un ni bí tíìkì ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ìgbà tó bá le jù ni òbí ń sáré wá oògùn. Lẹ́yìn ìgbà tó bá le jù, ìrọ̀rùn ló kù. Hóró ṣúgà, àdúrà, àgbo, èyíkéyìí tó bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n á máa yìn. Oògùn òyìnbó náà lè jẹ irú oríire bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi í wé oògùn asán. Haloperidol, tí ilé iṣẹ́ Paul Janssen ṣe ní Belgium ní 1958, yege nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń mú ara gan. Ìtọ́jú tí kò ní oògùn nínú rárá, kí wọ́n kọ́ ọmọ láti mọ̀ bí tíìkì bá fẹ́ dé kó sì fi ìṣe mìíràn dí i, Azrin àti Nunn ló gbé e jáde ní 1973, ìwádìí ńlá ní Amẹ́ríkà ní 2010 sì tì í lẹ́yìn.

Láti 2020 ni àwọn ọ̀dọ́ kan lókè òkun, pàápàá ọmọbìnrin, ti ń ní ìṣe tó jọ tíìkì lójijì lẹ́yìn tí wọ́n ti wo fídíò rẹ̀ lórí TikTok; àwọn dókítà ní ìyẹn yàtọ̀ sí Tourette. Nílẹ̀ wa, òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ gba ìbuwọ́lù ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023. Fún òbí tí tíìkì ọmọ rẹ̀ bá le, ilé ìwòsàn Yábàá tí mo dárúkọ lókè ní ẹ̀ka ti àwọn ọmọdé ní Òṣòdì.