Ìfọwọ́júwe Máòsì àti Bọ́tìnnì Mẹ́jọ ti JAMB

Ìfọwọ́júwe máòsì ni ọ̀nà tí a ń gbà pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà nípa fífa máòsì sí apá kan, láì wá àmì tí a ó tẹ̀ lójú ẹ̀rọ náà. Bí a bá di bọ́tìnnì ọ̀tún mú nínú aṣàwákiri Opera, tí a sì fa máòsì sósì, a ó padà sí ojú-ìwé tí a ti kúrò. Bí a bá fà á sọ́tùn-ún, a ó tẹ̀ síwájú. Bí a bá fà á sísàlẹ̀, ojú-ìwé tuntun yóò ṣí. Ọdún 2001 ni èyí wọ inú Opera. Máòsì fúnra rẹ̀ ti wà ṣáájú: ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1968 ni Douglas Engelbart fi í han àwùjọ ní San Francisco.

Wíwá ń jẹ àkókò ju títẹ̀ lọ. Ojú yóò kọ́kọ́ rí àmì, ọwọ́ yóò gbé ọfà dé ibẹ̀, yóò sì dúró lé e kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Ìfọwọ́júwe fo gbogbo èyí. Ó jọ àrokò ní ti pé ẹni tí ó rán an àti ẹni tí ó gbà á gbọ́dọ̀ ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò kàn máa rí i tí ojú-ìwé ń sá mọ́ ọn lọ́wọ́ ni.

Ní Abuja, ọ̀rọ̀ yìí kan ọjọ́ ọ̀la ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. Bwari ni olú-ilé iṣẹ́ JAMB wà. Ọdún 2013 ni àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò UTME, nígbà tí ó sì di 2015, gbogbo olùdánwò ni ó ń lò ó. Lónìí, ìbéèrè 180 ni a ń dáhùn láàrin wákàtí 2, èyí tí ó já sí ìṣẹ́jú-àáyá 40 fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò di máòsì mú rí kò ní àyè láti kọ́ ọ níbẹ̀. Ní 2017, JAMB gbà kí olùdánwò pa máòsì tì, kí ó lo bọ́tìnnì mẹ́jọ péré lórí kíbọ́ọ̀dù: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tí ó kàn, P fún èyí tí ó ṣáájú, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R láti padà sẹ́yìn.

Ètò tí ó bójú mu ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè fura sí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti mú N, P, S àti R jáde. Ẹni tí ó ń ṣe ìdánwò Yorùbá pàápàá, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi rántí ọ̀nà. Fífa máòsì sósì kò bèèrè èdè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kíkàwé láti òsì sí ọ̀tún ni ó jẹ́ kí òsì túmọ̀ sí ẹ̀yìn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ tàn án nínú ètò Opera. Ó wà nínú Vivaldi náà. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká, fífi ìka méjì fà sí ẹ̀gbẹ́ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà láìsí máòsì rárá.