Fọ́tò Ìbejì: Bí Ojú Alààyè Ṣe Ń Di Ojú Òkú

Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ náà kì í parí síbi ìsìnkú. Ìgbàgbọ́ àwọn baba wa ni pé ẹ̀mí kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ní, àti pé bí a kò bá tọ́jú èyí tó lọ, ó lè wá pe èkejì rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbẹ́ ère fún un, tí ìyá ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fi osùn pa á lára, tó sì ń fún un lóúnjẹ.

Nígbà tí ẹ̀sìn Kírísítì àti Ìsìláàmù gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá kò lè gbé ère sílé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn wọn kò kúrò lára ọmọ tó lọ. Ọ̀dọ̀ onífọ́tò ni àwọn kan gbà lọ. Stephen Sprague, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1975, ṣàlàyé iṣẹ́ náà nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978. Bí ikú bá dé kí àwọn méjèèjì tó ya fọ́tò pọ̀, onífọ́tò yóò ya èyí tó wà láàyè nìkan. Nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fíìmù, yóò tẹ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, àfi bí ẹni pé ọmọ méjì ló jókòó ti ara wọn. Bí èyí tó kú bá jẹ́ ọkùnrin, tí èyí tó kù sì jẹ́ obìnrin, wọn yóò yà á nínú aṣọ obìnrin, wọn yóò tún wọ aṣọ ọkùnrin fún un, kí wọ́n tó yà á lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn òyìnbó ọ̀rúndún kọkàndínlógún a máa ya òkú ọmọ fúnra rẹ̀, bí ẹni tó sùn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ère pàápàá kì í jọ ọmọdé: àgbà ni agbẹ́gilére ń gbẹ́, pẹ̀lú ilà ojú rẹ̀, débi pé òkú ti dàgbà nínú igi. Fọ́tò kò lè ṣe ìyẹn. Lójú tèmi, ohun tó ṣe le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọ tó ń mí ló yá òkú lójú. Bí ọmọ náà bá dàgbà, ara rẹ̀ ni yóò máa rí lẹ́ẹ̀mejì lára ògiri, wọn a sì máa pe ọ̀kan ní Táyéwò, èkejì ní Kẹ́hìndé.