Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ̀ Pé Ìjókòó Fáàfù Èéfín Ti Jẹ Nínú Ẹ́ńjìnnì Àtijọ́

Ẹni tó bá ní mọ́tò àtijọ́ sábà máa ń bẹ̀rù ariwo. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń pariwo, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀; bí ó bá dákẹ́, á ní ara ọkọ̀ òun ti yá. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tó jẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Òun ni kí ibi tí fáàfù èéfín ń jókòó lé máa jẹ, kí fáàfù náà sì máa rì wọnú irin. Ẹni tí kò bá tètè fura lè ra púlọ́ọ̀gì, kó tún kabúrétọ̀ ṣe, kó pààrọ̀ ríǹgì, kí gbogbo owó náà sì wọgbó.

Sílíńdà kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ní fáàfù méjì. Ọ̀kan ń gba afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, èkejì ń tú èéfín jáde. Bí fáàfù bá pa dé, etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ irin tó yí ẹnu ihò náà ká. Irin yìí ni ìjókòó fáàfù. Epo àti afẹ́fẹ́ tútù máa ń mú kí ara fáàfù ìwọlé tutù, ṣùgbọ́n èéfín gbígbóná ni ń gba ẹ̀gbẹ́ èkejì kọjá. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ti èéfín ló máa ń kọ́kọ́ jẹ.

Láti ọdún 1923 ni wọ́n ti ń ta epo tí wọ́n fi òjé sí ní Amẹ́ríkà, kí ẹ́ńjìnnì má baà máa kan. Òjé náà tún máa ń bo ìjókòó fáàfù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kì í jẹ́ kí irin gbígbóná méjì lẹ̀ mọ́ra wọn. Ṣùgbọ́n májèlé ni òjé, ó sì ń ṣe àkóbá fún ọpọlọ àwọn ọmọdé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin dá epo olójé dúró nígbà tí ọdún 2000 bẹ̀rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ti jáwọ́ nínú rẹ̀ kí ọdún 2006 tó wọlé. Àlùjéríà ló sì gbẹ̀yìn lágbàáyé, ní 2021.

Ìpinnu tó dára ni, ṣùgbọ́n ó fi ìyà jẹ àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbẹ́ ìjókòó fáàfù wọn tààrà sára irin. Àpẹẹrẹ kan ni ẹ́ńjìnnì A-Series tí wọ́n ń lò fún Morris Minor láti ọdún 1952 títí dé 1971. Bí fáàfù bá gbóná, tó ń lu ìjókòó rẹ̀, hóró irin kéékèèké á máa ya mọ́ ọn lára. Eré àsápajúdé àti ẹrù wúwo ló ń mú kó yá kánkán.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni ti alàfo tápẹ́ẹ̀tì. Bí fáàfù bá ṣe ń rì ni ìdí ọ̀pá rẹ̀ ń sún mọ́ irin tí ń tì í. Alàfo àárín wọn á dínkù, ariwo kẹ́kẹ́kẹ́ tí ẹ ti ń gbọ́ á sì dákẹ́. Lórí Morris yìí, alàfo náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.30 mílímítà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Bí ẹ bá kà á láti iwájú, fáàfù 1, 4, 5 àti 8 ni ti èéfín. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́ lẹ́yìn nǹkan bí 1,500 kìlómítà. Bí ti ìwọlé bá dúró bó ṣe wà, tí ti èéfín nìkan dínkù, ẹ fura sí ìjókòó. Ti Volkswagen ìjàpá yàtọ̀: òrùka irin líle ni wọ́n fi ṣe ìjókòó tirẹ̀. Bí alàfo rẹ̀ bá ń dínkù lemọ́lemọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fáàfù fúnra rẹ̀ ló ń gùn sí i, ìyẹn sì léwu, nítorí ó lè já.

Bí alàfo bá ti tán pátápátá, fáàfù kò ní lè pa dé mọ́. Ọkọ̀ á máa mísì, kò ní lágbára lórí òkè, yóò sì ṣòroó ṣí bí ó bá ti gbóná. Ẹ gbé bébà síwájú páìpù èéfín nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí páìpù bá ń fà á padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan dípò kó máa tì í síta, ó ṣeé ṣe kí fáàfù èéfín kan máa jò.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fi géèjì wo agbára ìfúnpọ̀ sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Sílíńdà tí tirẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tó ga jù lọ ní àìsàn. Kó da ṣíbí tíì kan epo ẹ́ńjìnnì sínú rẹ̀, kó tún wọ̀n ọ́. Bí ó bá gòkè, ríǹgì ni. Bí kò bá yí padà, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Láti mọ èyí tó jẹ́, kó fọn afẹ́fẹ́ gba ojú púlọ́ọ̀gì wọlé nígbà tí pístìn bá wà lókè, tí fáàfù méjèèjì sì pa dé. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jáde ní páìpù èéfín, fáàfù èéfín ló ń jò. Bí ó bá gba kabúrétọ̀, ti ìwọlé ni. Bí omi rédíétọ̀ bá ń hó kùṣùkùṣù, gásíkẹ́ẹ̀tì ni.

Kí wọ́n tó tú ẹ́ńjìnnì, ẹ tún alàfo náà ṣe, kí ẹ sì wọn ìfúnpọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí agbára bá padà, fáàfù kò tíì jóná. Ṣùgbọ́n ẹ kàn ra àkókò ni o; ìjókòó náà ṣì ń jẹ. Bí ó bá ti rì jù, lílọ fáàfù kò lè wò ó sàn, ńṣe ló tún ń dín irin kù. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí àwọn tí ń fi ẹ̀rọ gé irin gbẹ́ ìjókòó tó ti jẹ náà kúrò, kí wọ́n sì tẹ òrùka irin líle bọ̀ ọ́. Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé tí ẹ ń kọ òǹkà tápẹ́ẹ̀tì sí kúrò nínú ọkọ̀ yín.