Nígbà tí Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Bẹ̀rẹ̀ sí í Fèsì

Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ìlú Amsterdam ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń bá àlejò mùsíọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1952, Stedelijk Museum fún àwọn àlejò rẹ̀ ní rédíò kékeré tí wọ́n lè gbé lọ́wọ́, pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ létí. Wáyà tí wọ́n nà yí yàrá ìpàtẹ ká ló ń gbé ohùn wá láti orí téèpù, àlàyé sì wà ní èdè mélòó kan. Ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: bí ó bá ti ní kí wọ́n wo ọwọ́ òsì, gbogbo àwùjọ á yíjú sí òsì. Mùsíọ́ọ̀mù ló ń sọ̀rọ̀, àlejò ń gbọ́.

Ṣáájú ìgbà náà, àti fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, òfin tó le jù nínú mùsíọ́ọ̀mù ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan. Òfin náà ní ìdí, nítorí òógùn ọwọ́ a máa ba igi, aṣọ àti irin jẹ́. Síbẹ̀, ó ṣe àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tiwa ní ìjàǹbá púpọ̀. A kò gbẹ́ ère ìbejì fún wíwò lásán. Ìyá ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi osùn kùn ún, ó ń wọ̀ ọ́ láṣọ, ó ń fún un lóúnjẹ, ó sì ń kì í. Ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn tilẹ̀ ti họ nítorí ọwọ́ tó ti ń kàn wọ́n tipẹ́tipẹ́. Ẹ gbé irú ère bẹ́ẹ̀ sínú dígí, kí ẹ lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn nídìí: igi ló kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti eégún tí kò jó àti bàtá tí ẹnikẹ́ni kò lù. Ìdí nìyí tí ìtàn ẹ̀rọ tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀ fi kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Ní 1969, Frank Oppenheimer, onímọ̀ físíìsì, dá mùsíọ́ọ̀mù Exploratorium sílẹ̀ ní San Francisco. Níbẹ̀, àfi kí àlejò fọwọ́ yí nǹkan, kó tẹ̀ ẹ́, kó fà á, kó tó rí ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ. Sáyẹ́ǹsì ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n èrò náà tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ohun àtijọ́. Nígbà tí National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù ṣí Micro Gallery ní 1991, wọ́n to kọ̀ǹpútà 12 sí yàrá kan, tí ènìyàn lè fi ìka tẹ ojú wọn kó sì ka ìtàn àwọn àwòrán bíi 2,200 tó wà nínú ilé náà. Àlejò ló ń yan ohun tó fẹ́ mọ̀, òun náà ló ń yan èyí tó máa tẹ̀lé e. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Microsoft gbé e sórí CD fún àwọn tó ní kọ̀ǹpútà nílé.

Lẹ́yìn ọdún 2010 ni owó ńlá wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní Oṣù Kínní 2013, Cleveland Museum of Art ní Amẹ́ríkà ṣí Gallery One. Ojú ẹ̀rọ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 40 ni wọ́n fi ṣe ògiri kan níbẹ̀, tó ń fi àwòrán ohun tó lé ní 4,000 hàn. Ẹ̀rọ mìíràn a máa ní kí àlejò dúró bí ère kan ṣe dúró, kámẹ́rà á sì sọ bó ṣe sún mọ́ ọn tó. Ó jọ eré ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ara rẹ̀ wọn ìdúró ère yóò rí bí ọrùn ṣe tẹ̀ àti bí èjìká ṣe gbé ara, ohun tí ì bá kọjá láì kíyè sí. Ní mùsíọ́ọ̀mù Cooper Hewitt ní New York, ní 2015, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àlejò ní ohun kan tó dà bíi bírò ńlá. Bó bá fi orí rẹ̀ kan àkọlé ohun kan, ohun náà á wọ àkójọ tirẹ̀, yóò sì bá a nílé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó tún lè ya àrà tó bá wù ú sórí tábìlì, kí àrà náà sì bo ògiri yàrá kan látòkè délẹ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ojú ẹ̀rọ lè gba ojú àlejò pátápátá. Àwọn ará Cleveland rí i. Nígbà tí wọ́n tún gbọ̀ngàn náà ṣe ní 2017, wọ́n lo ẹ̀rọ tó ń tẹ̀lé ìjuwọ́ àti ìyíra ènìyàn, kí ojú lè padà sára iṣẹ́ ọnà tí wọ́n wá wò.

Lẹ́yìn náà ni iná kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní alẹ́ ọjọ́ 2 Oṣù Kẹsàn-án 2018, Museu Nacional ní Rio de Janeiro jóná. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 ló wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù sì bá iná lọ. Lára wọn ni ìtẹ́ Adandozan, ọba Dàhòmì, tó fi ránṣẹ́ sí ààfin Pọtogí ní Bùràsíìlì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní Oṣù Kejìlá ọdún náà, Google gbé àwòrán inú ilé náà tí wọ́n ti yà ṣáájú sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ènìyàn sì lè máa rìn kiri nínú gbọ̀ngàn tí kò sí mọ́. Inú mi dùn pé àwòrán náà wà. Ṣùgbọ́n ìtẹ́ náà ti lọ, owó ìtọ́jú ilé tí wọ́n ti ń gé láti ọdún pípẹ́ sì wà lára ohun tó fà á.

Digital Benin, tó jáde ní Oṣù Kọkànlá 2022, ló mú mi lọ́kàn jù. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin Ọba Ìbìní ní 1897, ẹrù náà fọ́nká káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ yìí kó àkọsílẹ̀ ohun tó lé ní 5,000, láti ilé iṣẹ́ 131 ní orílẹ̀-èdè 20, sí ojú kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ Ẹdó tí kò rí físà gbà lè jókòó sílé kó wo ohun tí bàbá ńlá rẹ̀ dà. Àwọn tó ṣe é kò fi orúkọ tí àwọn òyìnbó fún nǹkan wọ̀nyẹn sílẹ̀ ní òun nìkan: orúkọ Ẹdó wà níbẹ̀, ohùn ẹni tó ń pè é wà níbẹ̀, ìtàn ẹnu àwọn àgbà sì wà tí a lè tẹ̀ gbọ́. Kò dá ẹrù kankan padà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi rọ́pò ìdápadà.

Ní tòótọ́, ohùn ẹni tó ni nǹkan ni mo fi ń dá gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí lẹ́jọ́. Ẹ wo Pinchas Gutter, Júù tó bọ́ lọ́wọ́ ìpakúpa àwọn Násì. Ó jókòó láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ kámẹ́rà fún USC Shoah Foundation, ó sì dáhùn ìbéèrè tó lé ní 1,000. Ní 2017, Illinois Holocaust Museum ṣí gbọ̀ngàn tí àlejò ti lè bi àwòrán irú àwọn ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè. Kọ̀ǹpútà á gbọ́ ìbéèrè náà, á sì mú ìdáhùn tí ẹlẹ́rìí náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ wá. Ẹ̀rọ kò dá ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Nílé níbí, John Randle Centre for Yoruba Culture and History wà ní Oníkan, ní Èkó, lórí ilẹ̀ tí Dókítà John Randle kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sí fún àwọn ọmọ Èkó ní 1928. Seun Oduwole ló ya àwòrán ilé náà, Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, sì ṣí i ní Oṣù Kínní 2023. Fídíò, ohùn àti ojú ẹ̀rọ ló ń ran àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́wọ́ níbẹ̀ láti sọ ìtàn wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀ títí dé òde òní. Ó tó àkókò tí a ní irú rẹ̀. Ohun tó kù ni ìtọ́jú: ojú ẹ̀rọ kì í pẹ́ gbó, iná mọ̀nàmọ́ná wa kò sì ṣeé fọkàn tán.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa ni pé, kí wọ́n tó ra ojú ẹ̀rọ kan sí i, kí wọ́n kọ́kọ́ ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀, kí wọ́n sì pe àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, àwọn àyàn, àwọn asunrárà àti àwọn agbẹ́gilére síwájú kámẹ́rà, kí wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè bí wọ́n ṣe bi Gutter, ní èdè tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á náà, bí ìyá àgbà yín bá ṣì mọ oríkì orílẹ̀ yín, ẹ má dúró de ìjọba. Fóònù ọwọ́ yín tó.