Ìpáàrà Kì Í Ṣe Ikú Irin: Ìtàn Ọkọ̀ MGB àti Àwọn Tó Ń Tún Un Ṣe Nílé

Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe oríkì tàbí ọ̀rọ̀ gírámà ni mo gbé wá. Ìtàn irin ni mo fẹ́ sọ: ìtàn ọkọ̀ asáré kékeré kan, oníjòkòó méjì, tí wọ́n ń pè ní MGB. Mo fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe ṣe é, bí ìpáàrà ṣe fẹ́ pa á rẹ́, àti bí àwọn tí kì í ṣe mẹkáníìkì ṣe ń jí i dìde nínú gáréèjì ilé wọn. Bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á dé òpin, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan èdè Yorùbá.

Nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Ìlú Ọba, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ń gbé ní òdìkejì ilé tí mo gba yàrá sí. MGB kan tí wọ́n ṣe ní 1971 wà nínú gáréèjì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni ín; ẹ̀gbọ́n náà ti kú, ọkọ̀ náà sì ti wà lábẹ́ tàpólì fún ọdún mọ́kànlá. Lọ́jọọjọ́ Sátidé, mo máa ń lọ bá bàbá náà di tọ́ọ̀ṣì mú. Ní ọjọ́ kan, ó na ìka sí páànù gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó bi mí léèrè ohun tí à ń pè é ní èdè tèmi. Èmi tí mò ń kọ ìwé ńlá lórí èdè Yorùbá, n kò rí èsì fọ̀. Ìtìjú ọjọ́ náà ló bí àròkọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a mú un láti ìpìlẹ̀. MG dúró fún Morris Garages, ilé ìtajà àti ilé àtúnṣe ọkọ̀ tí William Morris ní ní ìlú Oxford. Cecil Kimber tó jẹ́ máníjà níbẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ara tuntun tó dára wọ ọkọ̀ Morris láàárín ọdún 1920 sí 1929. Ní 1929 náà ni iléeṣẹ́ MG kó lọ sí ìlú Abingdon, tí kò jìnnà sí Oxford. Ẹ ṣàkíyèsí pé inú ilé àtúnṣe ni orúkọ ọkọ̀ yìí ti wá.

MGB jáde ní 1962. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀, bí MGA tó jáde ní 1955, ní ṣáásì nísàlẹ̀; ṣe ni wọ́n gbé ara ọkọ̀ lé ṣáásì náà lórí. MGB kò ní ṣáásì ọ̀tọ̀. Páànù tí wọ́n jó pọ̀ mọ́ ara wọn ni, tó jẹ́ pé ara ọkọ̀ náà ni egungun rẹ̀. Èyí jẹ́ kí àyè pọ̀ sí i fún ẹni tó jókòó sínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1,798 cc, ó sì ní kábúrétọ̀ méjì ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1965 ni wọ́n ṣe irú èyí tó ní òrùlé irin, tí wọ́n pè ní GT. Nígbà tí wọ́n fi ṣíwọ́ ṣíṣe é ní oṣù kẹwàá 1980, iye tí wọ́n ti ṣe ti lé ní 500,000, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì lọ sí òkè òkun, pàápàá Amẹ́ríkà.

Bí iléeṣẹ́ náà ṣe parí kò dára létí. Ní oṣù kẹsàn-án 1979, ìlú Abingdon ṣe àjọ̀dún àádọ́ta ọdún tí MG ti wà láàárín wọn. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn àjọ̀dún náà ni British Leyland, tó ni iléeṣẹ́ náà nígbà náà, kéde pé àwọn yóò tì í pa. Láti ìgbà tí wọ́n ti tì í, ọwọ́ àwọn tó ra MGB ni ẹ̀mí rẹ̀ kù sí.

Ìpáàrà, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìpẹtà, ni ọ̀tá ọkọ̀ yìí. Ohun tó jẹ́ àǹfààní MGB náà ló di àléébù rẹ̀. Nítorí pé kò ní ṣáásì, tí èyí tí kì í ṣe GT kò sì ní òrùlé irin, páànù gígùn méjèèjì tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ló ń gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹrù náà rù. Páànù yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Ìpele lórí ìpele ni, inú rẹ̀ sì ṣófo. Ẹrẹ̀ tí táyà iwájú ń ta sókè máa ń kó sí kọ̀rọ̀. Ní ìgbà òtútù, wọ́n máa ń da iyọ̀ sí títì ní Ìlú Ọba kí omi dídì má baà yọ ọkọ̀ ṣubú, iyọ̀ yìí sì máa ń bá omi wọlé. Láti inú ni irin ti ń jẹrà. Kí ìpáàrà tó yọjú síta, ó ti jẹ inú tán. Ẹni tó bá fi pọ́tì dí ihò irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tó wá kùn ún ní ọ̀dà tuntun, ṣe ló fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Bàbá tí mo ń wí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tó gé páànù abẹ́ ilẹ̀kùn kúrò, ó kọ́kọ́ jó ọ̀pá irin mọ́ ojú ilẹ̀kùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí a kò bá ṣe èyí, ọkọ̀ náà yóò tẹ̀ láàárín, ilẹ̀kùn kò sì ní padé mọ́ láéláé. Ó ya fọ́tò gbogbo nǹkan kó tó tú u. Ó di nọ́ọ̀tì àti bóòtù sínú ọ̀rá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó kọ orúkọ sí i lára. Bóòtù tó bá ti gan, kò fi agbára já a. Ó ń kán òróró sí i lálẹ́, ó ń dán an wò láàárọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tó jó páànù tuntun tán, ó fún ìda yíyọ́ sínú gbogbo ibi tó ṣófo kí omi má baà ríbi gbà. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ì bá fi irú sùúrù yìí ṣiṣẹ́ wa!

Ta ló wá kọ́ olùkọ́ àgbà ní iṣẹ́ ajórin? Ìwé ni. Ní 1965, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Haynes ń sin ìlú rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ní Aden, tó wà ní ilẹ̀ Yemen lónìí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ra Austin-Healey Sprite tó ti gbó, ọkọ̀ asáré tí wọ́n ń ṣe ní Abingdon náà. Ìwé tí iléeṣẹ́ ṣe fún àwọn mẹkáníìkì tirẹ̀ kò yé ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà. Haynes àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tú ọkọ̀ náà palẹ̀, wọ́n sì tún un tò, wọ́n ń ya fọ́tò bí wọ́n ti ń ṣe é. Fọ́tò wọ̀nyí ló di ìwé tó jáde ní 1966. Láti ìgbà náà, àwọn ìwé Haynes ti kọ́ àìmọye ènìyàn ní ohun tí ó jẹ́ awo tẹ́lẹ̀. Haynes kú ní 2019.

Ìrànlọ́wọ́ kejì dé ní 1988. British Motor Heritage ṣàwárí àwọn irin ńlá tí wọ́n fi ń tẹ páànù MGB láyé ọjọ́un, wọ́n sì fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ara ọkọ̀ tuntun ní ìlú Faringdon. Ẹni tí ìpáàrà ti jẹ ọkọ̀ rẹ̀ tán lè ra ara tuntun, kó sì kó ẹ́ńjìnnì àti àwọn ẹ̀yà yòókù sínú rẹ̀. Ìbéèrè wá dìde: ṣé ọkọ̀ àtijọ́ náà ṣì ni, àbí òmíràn? Ìjọba pàápàá ní láti dáhùn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, DVLA tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ń fi máàkì ṣírò ọ̀rọ̀ yìí fún ọkọ̀ tí wọ́n bá ti yí padà gidigidi: máàkì 5 fún ara, 1 péré fún ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ ní 8 kó tó lè máa jẹ́ nọ́mbà rẹ̀ àtijọ́.

Bàbá náà kò ra ara tuntun. Ó ní ibi tí ẹ̀gbọ́n òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó nígbà kan wà lára rẹ̀, kò dára, ṣùgbọ́n òun kò ní gé e kúrò. Ibi tó ti jẹrà nìkan ló pààrọ̀.

Nígbà tí mo padà délé, mo gbé ìbéèrè rẹ̀ lọ bá páńẹ́lì bítà kan ní àdúgbò wa. Ọ̀gá náà kò wo ìwé kankan. Ó kàn fi òòlù kan páànù, ó sì sọ fún mi ibi tó ti jẹrà nínú. Ọdún méje ló fi dúró ti ọ̀gá tirẹ̀ kó tó mọ ìró yẹn. Mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni ti kọ ìmọ̀ yìí sílẹ̀ rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló fẹ́ kà á?”

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, èsì ìbéèrè yẹn wà lọ́wọ́ yín. Èdè náà ń dípẹtà láti inú, níbi tí ojú kò tó. A ń fi oríkì àti òwe kun ara rẹ̀ ní ọ̀dà, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni páànù abẹ́ ilẹ̀kùn tó ń gba ẹrù rù. Bí àwọn ọ̀gá wọ̀nyí bá lọ láìsí àkọsílẹ̀, kò sí iléeṣẹ́ kankan tí yóò ṣàwárí irin tí a fi tẹ̀ wọ́n. Ẹ mú bírò àti kámẹ́rà, ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó súnmọ́ yín jù lọ, ẹ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ tó ń pe ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.