William Simpson àti Iṣẹ́ Ọdún Méje

Ìlú Glasgow, ní ilẹ̀ Scotland, ni a bí William Simpson sí ní ọdún 1823. Tálákà ni àwọn òbí rẹ̀; ẹ̀kọ́ tí ó kà nílé ìwé kò tó ọdún méjì. Ilé ìtẹ̀wé ni ó ti kọ́ṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán sórí òkúta pẹlẹbẹ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ní 1851 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Day & Son.

Ní 1854 wọ́n rán an lọ sí ojú ogun Crimea. Ìwé ìròyìn ayé ìgbà náà kò tí ì lè tẹ fọ́tò, ọ̀dà olómi sì rọrùn láti gbé kiri, ó sì ń tètè gbẹ. Ṣùgbọ́n ìkọlù àwọn ẹlẹ́ṣin ní Balaklava ti kọjá kí ó tó dé. Ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó ṣojú wọn ni ó yà. Lord Cardigan, ọ̀gágun tí ó ṣáájú wọn, kọ̀ àwòrán kìíní, ó kọ̀ èkejì. Ìgbà tí Simpson ya ọ̀gágun fúnra rẹ̀ síwájú gbangba ni inú rẹ̀ tó dùn. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn mọ èyí kí ó tó gba àwòrán náà ní ẹ̀rí.

Àdánù ńlá ṣì ń bọ̀. Ní 1859, Day & Son rán an lọ sí Íńdíà láti ya àwòrán fún ìwé ńlá kan. Ọdún mẹ́ta ni ó fi rìn káàkiri, láti inú ọjà àti tẹ́ńpìlì títí dé òkè Himalaya. Nígbà tí ó padà dé, ó tún fi nǹkan bí ọdún mẹ́rin parí àwòrán ọlọ́dà olómi tí ó tó 250. Iṣẹ́ parí tán ni ilé-iṣẹ́ náà wọ gbèsè. Simpson di ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n jẹ lówó, wọ́n sì kó àwòrán rẹ̀ tà mọ́ ẹrù onígbèsè. Àwòrán 50 péré ni ó wọ inú ìwé India Ancient and Modern tí ó jáde ní 1867.

Ó tún gbéra. The Illustrated London News gbà á síṣẹ́. Ó dé Etiópíà ní 1868, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí ipadò Suez ní 1869.

Nígbà èwe rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó rán an níṣẹ́, ó ti máa ń ya àwọn ilé àtijọ́ Glasgow. Púpọ̀ nínú ilé wọ̀nyẹn ni wọ́n wó lẹ́yìn náà. Ní 1899, ọdún tí ó kú, ni ìwé àwòrán wọn jáde.